Má Fi Ọ̀wọ̀ Pa Ara Rẹ, Ọmọ Mi

Kétu

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

A gbọ́ pé wọ́n ti gbà ọ́ sí yàrá ìwádìí kẹ́mísírì ní Yunifásítì Abomey-Calavi, níbí ní ilẹ̀ Benin wa. Inú gbogbo ilé dùn. Ìyá àgbà rẹ ti ròyìn rẹ dé ìdí Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, bí ẹni pé oyè ọ̀mọ̀wé náà ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ọ sọ kí o tó wọlé síbẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì àti kẹ́mísírì títí mo fi fẹ̀yìntì, mo mọ ohun tó wà nínú àwọn ìgò yẹn. Ẹ̀rù ìmọ̀ rẹ kò bà mí. Ìtẹríba rẹ ló ń kọ mí lóminú.

Àwa la kọ́ ọ pé kí o máa kúnlẹ̀ kí àgbà, pé o kò gbọdọ̀ já àgbà lẹ́nu. O gbà á, ó sì yẹ ọ́. Ní ibi tí ò ń lọ yìí, gbogbo ẹni tó máa rán ọ níṣẹ́ ló jù ọ́ lọ: ọ̀jọ̀gbọ́n, àti àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní, "Yára fa omi yìí fún mi, má wulẹ̀ wọ ẹ̀wù, kò ní pẹ́," mo mọ̀ pé ìwọ á ní "ó dáa" kí o tó ronú. Èmi bàbá rẹ ni mo fún ọ láyè láti sọ pé rárá.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2008, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà ní ìsinmi Kérésìmesì, ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 kan, Sheri Sangji, ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí ní Yunifásítì California ní Los Angeles. Kò tíì pẹ́ tó gboyè. Ó ń fi sírínjì oníke fa tert-butyllithium, omi tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ló ń gbiná. Ọ̀pá sírínjì náà yọ, omi dà, iná sì ràn mọ́ aṣọ rẹ̀. Kò wọ ẹ̀wù yàrá ìwádìí. Súwẹ́tà ọ̀rùn rẹ̀ kì í ṣe ti òwú, ṣe ló ń yọ́ mọ́ ọn lára. Ọjọ́ 18 ló lò ní ilé ìwòsàn kó tó kú. Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ti wọ yàrá yẹn, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́ láìwọ ẹ̀wù. Ìwé wà nílẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ. Wọ́n gbé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá náà lọ sí kóòtù lẹ́yìn náà, àmọ́ kóòtù kì í jí òkú.

Nítorí náà, wo aṣọ rẹ. Ànkàrá òwú sàn ju aṣọ tó ń dán lọ. Irun àtọwọ́dá tí ẹ ń dì mọ́rí, ike ni púpọ̀ nínú rẹ̀: kó o mọ́ ẹ̀yìn, fi ìborùn òwú dè é, tàbí kí o di irun ara rẹ nìkan. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ pátá, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Ẹ̀wù funfun yẹn, níbẹ̀ ni kó máa gbé. Má wọ̀ ọ́ dé ibi tí ẹ ti ń jẹun.

Ìbọ̀wọ́ nìkan kọ́ ni ààbò. Karen Wetterhahn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Dartmouth ní Amẹ́ríkà, májèlé inú irin ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1996, dimethylmercury díẹ̀, májèlé olómi tó ní mẹ́kúrì nínú, kán sórí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó wọ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ o, ó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ hotte, àpótí onígíláàsì tó ń fa èéfín jáde. Omi náà gba inú rọ́bà yẹn kọjá kíá. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí àìsàn tó hàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1997, ó kú. Ka fiche de données de sécurité, ìwé tó ń sọ ewu ohun tó wà nínú ìgò, tó wà fún ìgò kọ̀ọ̀kan kí o tó ṣí i, kí o mọ ìbọ̀wọ́ tó lè dá a dúró.

Àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ yín kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa iná tó ń lọ. Hotte yẹn, iná mànàmáná ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ, kò sí ohun tó ń fa èéfín mọ́. Dé ìgò, pa gáàsì, fa gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀, kí o jáde. Má tan fóònù sí i pé o fẹ́ parí rẹ̀. Omi ńkọ́? Bí ásíìdì bá ta sí èèyàn lójú, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 ni kí omi fi máa ṣàn sí i. Ṣí ẹ̀rọ omi wò láràárọ̀ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọjọ́ tí omi kò bá sí, ásíìdì kò sí lọ́jọ́ náà. Pé ásíìdì ni à ń dà sínú omi, tí a kì í da omi sínú ásíìdì, mi ò ní tún un sọ. Ilé lo ti mọ ìyẹn.

Ní ilẹ̀ wa, a ti bá epo kpayo, epo bẹntiróò fàyàwọ́, gbé pẹ́ débi pé a ń wò ó bí omi mímu. Ní Sèmè-Kraké, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo sí gbiná, àwọn tó kú lé ní 30. Má fi ojú yẹn wo ìgò inú yàrá ìwádìí. Hexane, kẹ́míkà olómi tó ń tètè gbiná, àti omi, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní, torí náà kọ orúkọ sára gbogbo ìgò tí o bá fọwọ́ kàn. Èyí tí o bá bá nílẹ̀ láìlórúkọ, má gbóòórùn rẹ̀, má sì dà á sínú ihò omi. Má da ásíìdì náítíríìkì pọ̀ mọ́ acétone tàbí ọtí nínú ìgò ìdọ̀tí. Bí wọ́n bá dé e pa, gáàsì á kún un títí yóò fi bú gbàù. Má sì dá nìkan ṣiṣẹ́ lálẹ́. Bí o bá ṣubú, ta ni yóò gbọ́?

Wàyí o, báwo lo ṣe máa sọ pé rárá? Má ṣe é lójú èrò. Kí ọ̀jọ̀gbọ́n dáadáa, kí o ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, n kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ bá mi dúró tì í." Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá lóòótọ́ á dúró. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ráyè, ní: "Mà á dúró de ìgbà tí ẹ bá ráyè." Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Bí ìyẹn bá fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́ rẹ, jẹ́ kó kún un. Èmi ni mò ń san owó ilé rẹ, mi ò ráhùn. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó máa fọwọ́ kan ìgò yẹn lọ́la kò mọ ohun tí ojú rẹ rí.

Mo ti fi owó ránṣẹ́ sórí MoMo rẹ. Owó oúnjẹ kọ́ o. Fi ra ẹ̀wù òwú méjì, awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì, àti bàtà. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) á gbé gàrí wá fún ọ lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́la, wá ibi tí ẹ̀rọ ìwẹ̀ pàjáwìrì àti ẹ̀rọ ìpaná wà, ṣí ẹ̀rọ ìwẹ̀ náà wò bóyá omi ń jáde, ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ìpaná náà, kí o sì kọ ohun tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá rẹ kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ