Ẹ má fi "ó ṣubú lulẹ̀, ó kú" parí ìròyìn mọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Bí mo bá ti ka ìròyìn ẹni tó "ṣubú lulẹ̀, tó sì kú," ibẹ̀ náà ni ìròyìn ọ̀hún máa ń parí sí. Àwọn èèyàn á wá fi tiwọn kún un. Ní ilẹ̀ Òkun níbí, ní Kogí, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé wọ́n ta á lọ́fà.

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú ní Ìsánlú. Lọ́kọ́ja ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Òru ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, òógùn bò ó, apá òsì ń ro ó. Wọ́n fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú ní kẹ́mísìtì kan, wọ́n ní kó lọ sinmi. Awakọ̀ kankan kò fẹ́ gba ọ̀nà Kábà lóru nítorí ajínigbé. Wọ́n ń dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi lọ.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo àmì yẹn, ìkọlù ọkàn ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń pani.

Àwọn wóró tíntìntín kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí à ń pè ní platelet. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń wá, wọn kì í sì í lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó kéré púpọ̀ sí ẹ̀kán omi, 150,000 sí 450,000 ló yẹ ká rí. Bí àdá bá gé wa lóko, àwọn ló ń sáré dí ojú ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ funfun ní tirẹ̀ ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú.

Ọ̀rá a máa gbára jọ sí ara iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn. Lọ́jọ́ tó bá là, ojú ọgbẹ́ ni platelet máa kà á sí. Wọ́n á rọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á yọ ohun kan síta bí ìkọ́, P-selectin, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń kọjá mọ́ra. Neutrophil, ọ̀kan lára ẹ̀jẹ̀ funfun, á wá tú DNA, okùn tíntìntín tó ń gbé àbùdá, inú ara rẹ̀ síta bí àwọ̀n tí apẹja Lọ́kọ́ja ń dà sínú Odò Ọya. Àwọn onímọ̀ ní Berlin ló ṣàpèjúwe àwọ̀n yìí ní 2004, wọ́n ní ó ń mú kòkòrò àrùn. Nínú iṣan ọkàn, platelet míì ló ń kó, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dì sí i títí ọ̀nà á fi dí. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ wa ló dí wa lọ́nà.

Ẹ̀jẹ̀ funfun yìí kan náà ló ń gbá ẹran ọkàn tó kú kúrò kí ojú ibẹ̀ tó di àpá, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti dá a lẹ́kun. Colchicine, oògùn gout (àìsàn oríkèé ríro) tó ń dẹ ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ funfun, ṣe dáadáa fún àwọn tí ìkọlù ọkàn ti ṣe nínú ìwádìí 2019 kan tí èèyàn 4,745 kópa; ti 2024 tó tóbi jù ú lọ kò rí àǹfààní náà.

Ti platelet yàtọ̀. Platelet tí asipirínì bá ti kàn kò lè lẹ̀ mọ́ra dáadáa mọ́ títí yóò fi kú. Nínú ìwádìí ISIS-2 ti 1988, tó kan aláìsàn 17,187 tí wọ́n fura pé ìkọlù ọkàn ń ṣe, bíi 12 nínú 100 tí kò gba asipirínì ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nínú àwọn tó gbà á, bíi 9. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láìrí dókítà o, ó lè mú inú ṣẹ̀jẹ̀, àwọn kan sì wà tí ara wọn kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà ń fún bẹ́ẹ̀ yẹ kó rí 300 mg rún lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Mo ń bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wa: asipirínì, ẹ̀rọ ECG tó ń fi bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, àti ọkọ̀ kan tí àwọn ọdẹ máa sìn lóru, ní gbogbo ibùdó ìlera. Ẹ̀yin náà, olóòtú, ẹ kọ àwọn àmì náà sí ìwé ìròyìn yín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ṣí àpò tí ẹ̀gbọ́n mi ń kó oògùn sí. Káàdì asipirínì méjì wà níbẹ̀, èyí tó ń lò fún ẹ̀fọ́rí.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Yàgbà kan, Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí