Sí Àbẹ̀kẹ́, kí o tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ náà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á fún ìyá rẹ, ó sì ń sunkún ayọ̀. O kú oríire. Ọmọ télọ̀ di dókítà nínú físíìsì. Ọlọ́run ló ni ọpẹ́.

O ní Argonne, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Lemont lẹ́bàá Chicago, fẹ́ gbà ọ́ fún ọdún kan, ó sì lè di mẹ́ta. Àlàyé tí o ṣe nípa ẹ̀rọ ibẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi: òrùka tí àyíká rẹ̀ ju kìlómítà kan lọ, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń sáré yípo nínú rẹ̀, tí ẹ́síréè tó ń jáde níbẹ̀ sì ń fi bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe tò síra wọn hàn. O ní wọ́n tì í pa ní 2023, wọ́n tú òrùka àtijọ́ kúrò, wọ́n to tuntun sípò rẹ̀, ó sì tún jí ní 2024.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni kí o wò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní postdoc yẹn, ẹni tó ti gba fírídọ́ọ̀mù tó ṣì jókòó ti ọ̀gá ni lójú tèmi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Èmi ni mò ń fọwọ́ ṣe ọnà ọrùn agbádá, títí àtàǹpàkò mi fi yi bí awọ. Oníbàárà á dé, á ní, “Ọ̀gá, ọwọ́ yín mà dára o,” ọ̀gá á sì dúpẹ́. Ọjọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí. Oṣù méje ni mo fi ń pààrọ̀ síìpù.

Nítorí náà, bi ẹni tó fẹ́ gbà ọ́: orúkọ ta ló máa ṣáájú lórí ìwé ìwádìí? Bí o bá ń lọ, èwo nínú iṣẹ́ náà lo máa lè gbé dání? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: wá àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ, kí o mọ ibi tí wọ́n wà báyìí. Bí ọ̀gá náà bá fajú ro sí ìbéèrè wọ̀nyí, má lọ, bó ti wù kí ẹ̀rọ yẹn tóbi tó.

Mo rántí Maria Goeppert Mayer, ọmọ Jámánì tí o sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe ìwádìí ní yunifásítì láìgba owó oṣù, kí Argonne tó gbà á ní 1946. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí kóró inú átọ́ọ̀mù ló gbé ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1963. Inú mi dùn sí ẹ̀bùn náà, ṣùgbọ́n àwọn ọdún yẹn ń dùn mí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí pé o fẹ́ràn iṣẹ́ yìí kó jẹ ọ́ lówó.

Bí wákàtí tí wọ́n pín fún yín nídìí ẹ̀rọ bá bọ́ sóru, jẹun kí o tó wọlé.

Ìyá rẹ ti ń di èlùbọ́. Èmi náà ti gé òfì tí mo fẹ́ fi ṣe inú ẹ̀wù òtútù rẹ. Fi gígùn apá rẹ ránṣẹ́. Èyí tó wà nínú ìwé mi, ìgbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo wọ̀n ọ́n.

Bàbá rẹ