Lẹ́tà sí Báyọ̀ lórí yíya òkúta iyebíye

Kábbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Báyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Òkun o. Mo kí ọ, mo kí àwọn ará ilé, mo sì bá ọ kú òtútù Jámánì. Àwòrán òrùka tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O béèrè ìdí tí dáyámọ́ńdì orí rẹ̀ fi dà bí àfọ́kù ìgò, nígbà tó jẹ́ pé 2.42, ìwọ̀n bí dáyámọ́ńdì ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀, tó yẹ ẹ́ gan-an ni o kọ sínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí o fi yà á. Nọ́ńbà náà dára. Àyíká òkúta náà ló ṣófo.

Òkúta tó mọ́ gaara kò ní nǹkan tí yóò fi hàn wá ju ohun tó yí i ká lọ. Nínú dáyámọ́ńdì, ìtànṣán tó bá dagun ju nǹkan bí dígírì 24 lọ nígbà tó kan ara òkúta láti inú kò lè jáde níbẹ̀. Yóò ta padà, yóò tún lọ kan ojú mìíràn, títí yóò fi ríbi gbà yọ. Ti gíláàsì tó nǹkan bí 41, ìdí sì nìyí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba ìsàlẹ̀ gíláàsì jò lọ. Níwọ̀n bí gbogbo àyíká tìrẹ ti funfun bákan náà, funfun lórí funfun ni òkúta náà ń rí. Lo iná kéékèèké díẹ̀, kí o sì gbé pátákó dúdú sáàárín wọn, nítorí òkùnkùn ló ń gbé dídán yọ.

Iye ìgbà tí Cycles, apá Blender tó ń ṣírò ìmọ́lẹ̀, ń gbà kí ìtànṣán ta, 12 ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún un. Gbé e sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú òkúta náà yóò ní àbàwọ́n dúdú. Má sì ṣe jẹ́ kí Blender dán etí àwọn ojú rẹ̀ kúnná. Ní ti gígé, lo igun tí Marcel Tolkowsky, onímọ̀ nípa gígé dáyámọ́ńdì, ṣírò ní 1919: dígírì 34.5 lókè, 40.75 nísàlẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ yóò jò nínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jò lára òkúta gidi.

Òkúta aláwọ̀ ló wù mí jù, bóyá nítorí pé a ń wa tourmaline nítòsí wa níhìn-ín, lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀kan wà níwájú mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí: bí mo bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó tutù bí ewé, bí mo bá gbé orí rẹ̀ kojú mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Má da ara rẹ láàmú lórí ìyẹn, àfi tí òkúta náà bá máa yí níwájú kámẹ́rà. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí o fi àwọ̀ sínú òkúta, pẹ̀lú Volume Absorption (ohun èlò Blender tó ń jẹ́ kí òkúta gbé ìmọ́lẹ̀ mì bó ti ń gba inú rẹ̀ kọjá), dípò kí o kùn ún sí ara rẹ̀. Nígbà náà ni etí tó fẹ́lẹ́ yóò mọ́, tí ikùn yóò sì jìn. Ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀ o! Iye àwọ̀ tó bá òkúta mìlímítà 6 mu yóò sọ èyí tó tóbi tó mítà kan di èédú.

Iná aláwọ̀ púpọ̀ inú dáyámọ́ńdì ni kó o fi kẹ́yìn. Èròjà gíláàsì mẹ́ta inú Blender ni kó o pa pọ̀, kí ìwọ̀n títẹ ìmọ́lẹ̀ wọn yàtọ̀: pupa ní 2.41, àwọ̀ ewé ní 2.43, búlúù ní 2.45. Bí o bá ti tún iná ṣe, fi fáìlì náà ránṣẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Délé