Kàtídírà Méjì, Bíṣọ́ọ̀bù Kan

Houston, Texas

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ilé o. Ara Màmá ńkọ́? Ìbéèrè rẹ pa mí lẹ́rìn-ín: báwo ni bíṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ṣe ń ní kàtídírà méjì?

O rí i, àga bíṣọ́ọ̀bù ló ń sọ ṣọ́ọ̀ṣì di kàtídírà, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó. Ṣé o mọ̀ pé St. Peter tí gbogbo ayé ń wò ní Vatican kì í ṣe kàtídírà Póòpù? St. John Lateran ni tiwọn.

Níbí, Galveston ló ṣáájú Houston. Erékùṣù ni, ìlú èbúté. Nígbà tí Póòpù Pius Kẹsàn-án dá dáyósíìsì, ìyẹn agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń bójú tó, sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1847, gbogbo Texas pátá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjì ọdún 1900 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nílùú náà, síbẹ̀ St. Mary, kàtídírà wọn, kò wó.

Àmọ́ epo rọ̀bì sọ Houston di ìlú ńlá, èrò sì ya wọ ibẹ̀. Lọ́dún 1959, Róòmù fi Houston kún orúkọ dáyósíìsì, wọ́n sì sọ ṣọ́ọ̀ṣì Sacred Heart di kàtídírà kejì. Bíṣọ́ọ̀bù ò di méjì o! Láti 2004 bíṣọ́ọ̀bù àgbà ni wọ́n, àga wọn sì wà ní ìlú méjèèjì.

Wá wo tiwa. Dáyósíìsì Oǹdó là ń pè é, Àkúrẹ́ yín ni kàtídírà wà. Ìlú kan gba orúkọ, èkejì gba àga. Ti ibí wù mí jù, torí wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Galveston.

Ó sì wúlò. Oṣù kẹrin 2008 ni wọ́n ya ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún Sacred Heart sí mímọ́. Kó tó di ìparí oṣù kẹsàn-án, ìjì Ike ti kọlu Galveston, omi wọ St. Mary, wọ́n sì tì í títí di 2014. Ká ní òun nìkan ni wọ́n ní ńkọ́?

Tí o bá wá lọ́dún tó ń bọ̀, a ó jọ lọ Mísà ní Galveston. Kò jìnnà, àfi tí gosiló bá mú wa lọ́nà. Múra kí físà tètè jáde o, kí o sì bá mi kí Màmá dáadáa.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnkẹ́