Ẹ Ka Ẹni Tó Ń Mu Àgbo Mọ́ Ọn

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé oògùn ibà tí à ń rà kì í ṣiṣẹ́ mọ́, kí ìjọba sì ra ẹ̀rọ tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí àṣírí lè tú. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ni mo ń ṣe ní láàbù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìyá tó bí mi sì ń ta àgbo ní Tákíé títí di òní. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí lọ́nà méjì.

LC-MS ni ẹ̀rọ náà, ó ń ya ohun inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń wọn wọ́n. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìyẹ̀fun kúnnákúnná kún inú rẹ̀. Omi àti acetonitrile, kẹ́míkà olómi kan, la fi ń ti ohun tí a fà yọ lára ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, kálukú á sì jáde ní àsìkò tirẹ̀. Apá kejì á fọ́n ọn bí ìrì, á fi agbára iná mànàmáná díẹ̀ sí i lára, á sì wọn ìwúwo rẹ̀. Amodiaquine, oògùn ibà kan, tí aláìsàn gbé mì, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di desethylamodiaquine, èyí tó ń pẹ́ lára. Ìwúwo 328 la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀rọ bá fọ́ ọ, ègé rẹ̀ tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 283 la ń kà.

Ẹ̀rọ kò mọ èyí fúnra rẹ̀, ènìyàn ló ń kọ́ ọ. Mo kán díẹ̀ nínú àgbo ìyá mi sínú omi ẹ̀jẹ̀ tí kò ní oògùn kankan, mo wá po iye desethylamodiaquine tí mo mọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kà á ní nǹkan bí ìdajì. Oògùn náà kò sì sá lọ síbì kankan! Èèpo awọ́pa wà nínú àgbo yẹn, awọ́pa sì ní palmatine, ohun tó ti ní agbára iná lára tẹ́lẹ̀. Òun àti oògùn jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, oògùn kò rí iná gbà tó, ẹ̀rọ kì í sì í rí ohun tí kò gba iná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń tún bí acetonitrile ṣe ń pọ̀ sí i nínú omi náà ṣe, kí palmatine àti oògùn tó yàgò fún ara wọn. Mo tún fi ìbejì oògùn náà sí i, èyí tí wọ́n fi hydrogen tó wúwo ṣe: ohun tó bá bo Táyé á bo Kẹ́hìndé, ìṣirò kò ní yẹ̀. Ìbejì yìí wọ́n púpọ̀, òun sì ni àwọn kan kọ́kọ́ máa ń yọ bí owó bá kéré.

Ìlànà àgbáyé lórí wíwọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀, ICH M10 ti 2022, ní kí a dán irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 6 ó kéré tán, kí ó má fi ju ìdá 15 nínú 100 yẹ̀. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa ará ìhín wò, kí ẹni tó ń mu àgbo wà nínú àwọn 6 náà. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, a ó máa pe oògùn tó dára ní ayédèrú, a ó sì máa fún aláìsàn ní èyí tó pọ̀ jù.

Ìgò àgbo ìyá mi mẹ́ta ṣì wà nínú fìrísà wa. Ẹni tó bá fẹ́ dán ọ̀nà tirẹ̀ wò, kó wá gbà á.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ láàbù kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.