Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yẹn pé fíìmù náà ń parọ́

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní fọ́tò tí wọ́n bá fi fíìmù yà nìkan ni fọ́tò, pé ti kámẹ́rà díjítà tí kì í lo fíìmù kò yàtọ̀ sí ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà sí ọjà Ìtòkú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọdún 31 ni fíìmù fi bọ́ èmi àtàwọn ọmọ mi nílùú Abẹ́òkúta yìí, háípò, oògùn tí a fi ń fọ fọ́tò, sì ti bá èékánná mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà wí tèmi.

Àfiwé rẹ̀ dùn létí, mo gbà. Aláró ni ìyá mi. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ aṣọ nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló ń di aró lójú ẹni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fọ́tò ṣe máa ń yọ nínú abọ́ dẹfẹ́lópà, oògùn tó ń mú àwòrán yọ, lábẹ́ iná pupa. Irun orí àti ẹyinjú á kọ́kọ́ yọ, aṣọ funfun á gbẹ̀yìn. Mi ò rí i rí kí ara mi má bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń tẹ ayédèrú àdìrẹ, kò sí aládìrẹ kankan nídìí rẹ̀. Ta ló wà nídìí kámẹ́rà díjítà? Ṣebí èèyàn ni.

Ohun tí ọmọ yẹn ò mọ̀ ni ìpayà tó wà nínú iṣẹ́ náà. Dẹfẹ́lópà fíìmù dúdú-òun-funfun ń fẹ́ omi tó tutù dé ìwọ̀n 20 lórí tẹmómítà. Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí omi bẹ́ẹ̀ l'Abẹ́òkúta lóṣù kẹta? Yìnyín la máa ń rà, a ó gbé abọ́ oògùn lé e, a ó sì máa gbàdúrà kí wọ́n má mú iná lọ.

Lọ́dún 1986, mo lọ ya ìgbéyàwó kan lápá Aké. Fíìmù ẹlẹ́yọ 36 ni mo kì sínú kámẹ́rà. Mo yà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo yà á níbi àríyá. Ońkà dé 36, mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́, mo ní oríire ni, wọ́n fi ẹ̀ẹ̀kan ṣe ènì. Ó di 38. Nígbà tó fi máa di 40, òógùn ti bò mí. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ti mọ ibi tí mò ń lọ: ẹnu fíìmù ò mú nínú kámẹ́rà láti àárọ̀, òfìfo ni mo ti ń yà. Wọ́n ti fi òrùka sọ́wọ́, wọ́n ti ń gé kéèkì, bàbá ìyàwó ti sunkún tán. Mo kó gbogbo wọn padà síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún bẹ bàbá pé kó bá mi sunkún díẹ̀. Títí dòní, mi ò lè sọ irú ojú tó fi wò mí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn kámẹ́rà ni wọ́n ń wò. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa wò ó.

Ó tún ní fíìmù kì í parọ́. Háà! Tí Táyé bá ti padà lẹ́yìn Kẹ́hìndé, tí ìyá wọn ò sì ní fọ́tò àwọn méjèèjì, ta ló ń bá a ṣe é? Kẹ́hìndé nìkan la ó gbé jókòó, a ó yà á, a ó wá fọ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Tó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, a ó pààrọ̀ aṣọ fún un ká tó ya ìkejì. Ìyá wọn á gbé e kọ́ sára ògiri. Irọ́ ni, èmi ni mo pa á, mi ò sì kábàámọ̀ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Irọ́ tí mi ò lè fojú fò ni ti fíìmù aláwọ̀. Ní láàbù tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, káàdì kan ni wọ́n fi ń ṣètò ẹ̀rọ, ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan ló sì wà lórí ẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì yẹn, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tí Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, yà fún un l'Amẹ́ríkà. Tí ara Shirley bá ti yọ bó ṣe yẹ, iṣẹ́ parí. Àwa ńkọ́? Ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù àwọn òbí yín ti àwọn ọdún 1970 sílẹ̀, kí ẹ wo ibi tí apọ́nbéporẹ́ àti adúmáadán ti jókòó pọ̀. Ọ̀kan ń dán, eyín àti ẹyinjú nìkan la rí lára ìkejì. Àwọn oníbàárà á ní, "Onífọ́tò, kí ló dé tẹ́ ẹ sọ mí dèédú?" Èmi náà á máa rò pé iná mi ni ò tó. Àwọn ilé iṣẹ́ ṣokoléètì àtàwọn tó ń ta àga onígi ló fi ẹjọ́ sun Kodak pé ọjà àwọn ò yọ nínú fọ́tò, ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá nǹkan ṣe sí i. Ṣokoléètì ló bá wa bẹ̀bẹ̀ o!

Díjítà náà ní ìwà tirẹ̀. Àwọn fóònù kan wà tó ń bóra fún ọmọbìnrin tí ò ra ìpara rárá. Ṣùgbọ́n èèyàn lè pa ìyẹn.

Fíìmù dúdú-òun-funfun, mi ò ní bá a jà. Onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà kan, J.D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ya irun orí àwọn obìnrin wa lọ́dún 1968, iye irun tó yà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kó tó jáde láyé lọ́dún 2014. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà. Ẹ wo ibi tó ti ya onílé gogoro, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka òwú tí wọ́n fi kó o.

Ní Kodak yìí kan náà ni òṣìṣẹ́ wọn, Steven Sasson, ti to kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́ pọ̀ lọ́dún 1975. Ìṣẹ́jú àáyá 23 ló ń gbà kó tó kó fọ́tò kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Wọn ò kà á sí. Lọ́dún 2012, gbèsè gbé wọn dé kóòtù.

Níbì kan, ọmọ yẹn ìbá jàre, àmọ́ kò mẹ́nu bà á. Inú agolo Bournvita ni mo kó nẹ́gẹ́tíìfù mi, ìyẹn àwọn fíìmù tí mo ti yà tí mo sì ti fọ̀, sí, ìdí bẹ́ẹ̀dì mi ló wà. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ olóògbé kan láti Ìbarà wá bá mi, wọ́n ń wá fọ́tò ìyá wọn tí wọn ó fi ṣe ìwé ìkéde. Fóònù mẹ́rin ni wọ́n kó wá. Màmá wà nínú fọ́tò lóríṣiríṣi, ọmọ gbé e mọ́ra, kéèkì bò ó lójú, kò sí ibi tó ti dá dúró kó kọjú síni. Mo tú agolo títí mo fi kan ti 1979: màmá jókòó, ó wé gèlè, ó ń wò wá. Mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi fọ̀ ọ́ mọ́. Mo gbé nẹ́gẹ́tíìfù náà síwájú fèrèsé, ọmọ ọmọ mi fi fóònù yà á, ó tẹ nǹkan kan, dúdú di funfun, funfun di dúdú, màmá yọ sí wa. Ó tún bù máṣọ fún mi.

Tí ọmọ yẹn bá ń ka èyí, kámẹ́rà Yashica mi ṣì wà níbi tí mo gbé e kọ́, mi ò ta á. Fíìmù 120 ló ń lò, ẹ̀ẹ̀mejìlá péré lo lè yà kó tó tán. Kó wá gbà á, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó sáà ra fíìmù tirẹ̀ bọ̀, kó sì ra yìnyín lọ́nà.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Onífọ́tò,
Ìtòkò, Abẹ́òkúta.