Lẹ́tà sí Àkànní ní ilé àwọn ará Fransisi

Kúbwà, Àbújá

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Mo gbọ́ pé ọyẹ́ ti dé sí Jos. Súẹ́tà méjì tí mo dì sínú àpò rẹ, máa wọ̀ wọ́n sábẹ́ aṣọ àwọn ará, má kó wọn pamọ́ torí pé o fẹ́ ṣe ọkùnrin.

Ìwé Òfin tí Fransisi Mímọ́ kọ fún àwọn ará rẹ̀, èyí tí o fi sílẹ̀, mo ti kà á tán. Ní ìsọ̀ ni mo ti ń kà á ní ọjà Wúsè, bí oníbàárà kan bá lọ kí òmíràn tó dé. Kò gùn, orí méjìlá péré ni, Póòpù Honorius Kẹta ló fọwọ́ sí i ní ọdún 1223.

Orí kẹta kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Láti Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ títí di Kérésìmesì, ààwẹ̀ ni. Lẹ́ńtì, ààwẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ààwẹ̀. Mo rántí bí inú ṣe máa ń ta ọ́ bí ebi bá ti pẹ́ lára rẹ. Ṣùgbọ́n Fransisi fúnra rẹ̀ sọ níbẹ̀ pé bí àìní bá hàn gbangba, ààwẹ̀ ti ara kò di dandan fún àwọn ará. Nítorí náà, bí inú bá ń ta ọ́, lọ sọ fún olórí ilé. Má fara dà á kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ lè sọ pé o lágbára nínú ẹ̀mí.

Orí kẹfà ni mo pẹ́ sí jù. Ó ní kí olúkúlùkù fi ìdánilójú sọ àìní rẹ̀ fún ẹnì kejì, nítorí bí ìyá bá ń bọ́ ọmọ tó bí, tó sì fẹ́ràn rẹ̀, mélòómélòó ni kí ẹnì kan fẹ́ràn arákùnrin rẹ̀ nípa ti ẹ̀mí. Mo kà á, mo tún un kà. Ìyá ni ọkùnrin náà fi ṣe òṣùwọ̀n! Fádà ìjọ wa tún sọ fún mi pé Fransisi kọ ìlànà kan fún àwọn ará tó bá lọ gbàdúrà ní àdádó: mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kí méjì jẹ́ ìyá, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ Màtá inú Bíbélì, ìyẹn ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ, kí àwọn yòókù jẹ́ ọmọ, kí wọ́n sì máa gba ipò ara wọn nígbà mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyẹn, Àkànní. O kọ̀wé pé ẹnì kan ń kàwé sókè nígbà oúnjẹ, tí ẹ̀yin yòókù ń jẹun láìsọ̀rọ̀, pé lẹ́yìn yín ni ẹni tó ń kàwé náà ń jẹ tirẹ̀. Máa wo abọ́ ẹni náà. Dé e kí ó má tutù, kí o sì rí i pé ẹran rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ará Tiv tí o ní kì í sùn dáadáa láti ìgbà tó ti dé, béèrè ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

O tún ní lẹ́yìn àdúrà alẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òwúrọ̀. Bí ìjà bá ti wà láàárín ìwọ àti ẹnì kan, ẹ parí rẹ̀ kí agogo àdúrà yẹn tó lù. Yíyan odì lè sá pamọ́ sábẹ́ ìdákẹ́jẹ́ mímọ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ àyàfi ẹ̀yin méjèèjì.

Nípa ti bàbá rẹ: kò tíì gbà tán pé kí o di ará. Ìwọ ni dáódù rẹ̀. Bàbá Fransisi náà, Pietro tó ń ta aṣọ ní Assisi, mú ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ lọ síwájú bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ sì bọ́ aṣọ ara rẹ̀ fún un níbẹ̀. Mo ń ta aṣọ, mo mọ bí yóò ṣe dun bàbá yẹn tó. Má jẹ́ kí tiyín débẹ̀.

Bí o bá sì rí i nínú ọdún nọ́físì yìí, ọdún ìdánwò kí o tó jẹ́jẹ̀ẹ́, pé ọ̀nà rẹ kọ́, òfin Ìjọ fún ọ láyè láti padà. Má wo ojú àwọn ìyá ìjọ tó ti ń pè mí ní Ìyá Fádà. Ilé bàbá rẹ kò tì.

Nígbà tí wọ́n bá tún fún yín láyè láti kọ lẹ́tà, kọ ti bàbá rẹ kí o tó kọ tèmi. Béèrè orúnkún rẹ̀, ó tún ti ń dùn ún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.